Kí Ẹ̀gẹ́ Yín Má Baà Di Ti Alágbàtà Kó Tó Gbó: Bí Ẹ Ṣe Lè Dá Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù Sílẹ̀ Lágbègbè Ẹ̀pẹ́

Ọdún tí mo kọ́kọ́ gbin ẹ̀gẹ́ éékà méjì, oṣù Kẹsàn-án bá mi láìní kọ́bọ̀ lọ́wọ́. Àwọn ọmọ ń padà sílé ìwé, ẹ̀gẹ́ ṣì wà nínú ilẹ̀, ó ku bí oṣù mẹ́ta kó gbó. Ìyá alágbàtà kan dé sí oko náà, ó rìn ín yí po lẹ́ẹ̀kan péré, ó fa ìdí méjì tu, ó wo bó ṣe ta sí, ó ní òun á rà á lórí ìdúró. Iye tó dá lé e kò tó ìdajì ohun tí mo ti ń fọkàn ṣírò. Mo gbà á, mo fi san owó ilé ìwé. Nígbà tó di oṣù Kejìlá, ó mú ọkọ̀ wá, wọ́n ń hú u, èmi sì jókòó sábẹ́ ọ̀pẹ, mò ń wò wọ́n bí àlejò lórí oko ara mi.

Ìyá yẹn kò rẹ́ mi jẹ. Ó ní owó lọ́jọ́ tí èmi kò ní, òun ló sì dá iye ọjà mi. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ nípa ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kò ju pé kí owó ti wà lọ́wọ́ àgbẹ̀ fúnra rẹ̀ kí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ tó dé. Ajílẹ̀ olówó pọ́ọ́kú, katakata, owó ìrànwọ́ ìjọba, ẹ̀yìn ni gbogbo wọn ń wá, bí wọ́n bá tilẹ̀ wá.

Ó di ọdún kẹsàn-án báyìí tí mo ti ń ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ kan ní abúlé wa, lójú ọ̀nà tó lọ sí Itoikin. Àwọn ará abúlé mìíràn máa ń wá bi mí pé báwo lẹ ṣe ṣe é. Ẹnu ti fẹ́ máa ro mí, ni mo ṣe kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀gẹ́ ni mo mọ̀, òun ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ (ẹni tó bá ń pè é ní pákí tàbí gbágùúdá, ọ̀kan náà ni). Ẹni tó ń sin ẹja tàbí tó ń gbin ọ̀pẹ òyìnbó á mọ ibi tó yẹ kó ti yí i padà fún tirẹ̀.

Kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni jọ

Àwa Yorùbá ti ń ran ara wa lọ́wọ́ lóko tipẹ́. Nínú àáró, mo bá ọ ro lónìí, o bá mi ro lọ́túnla. Nínú ọ̀wẹ̀, olóko á pe èèyàn, á se oúnjẹ, iṣẹ́ á parí lọ́jọ́ kan. Èésú wà, tí gbogbo wa ń dá, tí ẹnì kan ń kó o lọ nígbà tó bá kàn án. Àjọ náà wà: alájọ á máa gba owó lọ́wọ́ wa lójoojúmọ́, nígbà tí oṣù bá parí á mú owó ọjọ́ kan, á kó ìyókù fún wa. Gbogbo ìwọ̀nyí dára, mi ò sì ní kí ẹnikẹ́ni pa wọ́n tì. Àmọ́ ẹ wò ó dáadáa: nígbà tí èésú bá yí po tán, àpò á ṣófo. Nígbà tí alájọ bá san owó tán, kò sí nǹkan kan tó jẹ́ ti gbogbo wa.

Ibẹ̀ ni alájẹṣẹ́kù ti yàtọ̀, orúkọ rẹ̀ ti sọ ọ́. A jẹ, ó ṣẹ́ kù. Èyí tó ṣẹ́ kù náà ni a ń yá ara wa, èlé rẹ̀ ń padà sínú àpò wa, ọdún tó ń bọ̀ á bá a níbẹ̀.

Ọdún 1935 ni ìjọba amúnisìn gbé òfin kọ́pùréètì (orúkọ tí òyìnbó ń pe alájẹṣẹ́kù) kalẹ̀ ní Nàìjíríà, lẹ́yìn tí òyìnbó kan tó ń jẹ́ Strickland ti wá wo bí nǹkan ṣe rí. Àwọn àgbẹ̀ kòkó ilẹ̀ Yorùbá wà lára àwọn tó kọ́kọ́ dì í mú, débi pé nígbà tó di 1953, báǹkì kọ́pùréètì ti wà ní Ìbàdàn. Kòkó ṣeé gbẹ, ó ṣeé kó sí yàrá kí èèyàn máa retí owó tó dára. Ẹ̀gẹ́ tiwa kò ní irú sùúrù yẹn. Bí ẹ bá ti hú u, láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta inú rẹ̀ á ti máa dúdú. Ẹni tó ń ta ohun tó ń bàjẹ́ kò lè dá dúró bá oníbàárà na ọjà pẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé àgbẹ̀ ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ nílò ẹgbẹ́ ju àgbẹ̀ kòkó lọ.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ta ni ká pè?

Òfin ní kí àwọn tó máa dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ má dín ní mẹ́wàá. Ní tèmi, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú méjìlá sí ogún. Bí ẹ bá dín, àìsàn ẹni méjì á da ìpàdé rú. Bí ẹ bá pọ̀ jù, ẹ ò ní mọ oko ara yín. Mímọ oko ara ẹni ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹni tí mo bá lè rin dé oko rẹ̀, tí mo mọ̀ bóyá ó ń ro ó tàbí ó fi í sílẹ̀ fún koríko, èmi lè dúró fún un níwájú ẹgbẹ́. Ẹni tó ń gbé ní Èkó, tó kàn ní ilẹ̀ lọ́dọ̀ wa, ẹ má gbà á lọ́dún àkọ́kọ́, bó ti wù kó lówó tó. Owó ńlá ẹnì kan máa ń ra etí gbogbo ìpàdé.

Ẹ gba ìyàwó, ẹ gba ọkọ, ṣùgbọ́n kí ìwé kálukú dá dúró. A ṣe àṣìṣe yìí níbẹ̀rẹ̀. Orúkọ bàbá nìkan la kọ, ìyàwó ló ń mú owó wá nínú gààrí tó yan. Lọ́jọ́ tí ọ̀kan nínú àwọn ọkọ náà gba gbogbo owó lọ láti fi ra ọ̀kadà, ìyàwó rẹ̀ wá bá mi nílé lálẹ́. Kò sunkún. Ó kàn bi mí pé, "Akọ̀wé, èwo ni tèmi nínú rẹ̀?" Kò sí ohun tí ìwé mi lè dá a lóhùn. Láti ọjọ́ náà, orúkọ ẹni tó bá mú owó wá ni mò ń kọ.

Ọ̀rọ̀ Èkó Ẹ̀pẹ́ àti Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́, ìhà méjèèjì tí ìlú Ẹ̀pẹ́ pín sí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi í sílẹ̀ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ òṣèlú. Àwọn méjèèjì wà nínú ẹgbẹ́ wa. Ìgbà Káyó-káyó, ọdún tí Ẹ̀pẹ́ máa ń ṣe lẹ́yìn Iléyá, nìkan ni wọ́n máa ń rántí ẹni tó bá Ọba Kòsọ́kọ́ dé láti Èkó ní 1851 àti ẹni tó ti wà nílẹ̀ ṣáájú.

Ìgbésẹ̀ kejì: oṣù mẹ́ta, owó títọ́jú nìkan

Ohun tó ń pa ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ni pé owó ìjọba ni wọ́n gbọ́ tí wọ́n fi kóra jọ. Wọ́n á ran aṣọ ẹgbẹ́, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á yan alága, wọ́n á máa retí. Bí owó náà bá dé, wọ́n á pín in, wọ́n á túká. Bí kò bá dé, wọ́n á túká náà. Mo ti rí èyí tó tó mẹ́rin lágbègbè wa nìkan.

Nítorí náà, fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, kí ẹnikẹ́ni má yá owó, kí ẹnikẹ́ni má bèèrè nǹkan lọ́wọ́ ìjọba. Ẹ kàn máa pàdé lọ́sẹ̀, kí ẹ máa tọ́jú owó. Bí èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún bá ń mú ₦1,000 wá lọ́sẹ̀, ₦15,000 nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ méjìlá á sọ ọ́ di ₦180,000. Ọdún kan á sọ ọ́ di ₦780,000. Ó lè má jọ owó ńlá lójú yín, àmọ́ ẹ bi ara yín léèrè ìgbà tí ₦780,000 jẹ́ ti abúlé yín kẹ́yìn, tí kì í ṣe ti ẹnì kan.

Oṣù mẹ́ta yìí náà ni yóò fi ẹni tí kò lè ṣe é hàn. Ẹni tó bá ń pa ìpàdé jẹ nígbà tí kò sí owó láti yá, kò ní wá san gbèsè nígbà tó bá yá tán.

Bí a ṣe ń gba owó nìyí. Tábìlì kan wà lábẹ́ igi máńgòrò. Akápò jókòó sí apá ọ̀tún, èmi sí apá òsì, ìwé ńlá wà níwájú mi. Ẹni tó bá kàn á kó owó rẹ̀ sórí tábìlì, akápò á kà á sókè kí gbogbo èèyàn gbọ́, èmi á kọ ọ́ sínú ìwé ńlá pẹ̀lú bírò, mà á tún kọ ọ́ sínú páàsìbúùkù olówó, akápò á fọwọ́ sí i. Ìgbà yẹn ni ẹni náà tó máa kúrò nídìí tábìlì. Àwọn ìyá tí kò kàwé ní ọgbọ́n tiwọn. Ọ̀kan nínú wọn máa ń so kókó kan sára okùn fún gbogbo ₦1,000. Lọ́jọ́ kan ó ní kókó òun lé ní ẹyọ kan sí iye tí mo kà fún un. A ṣí ìwé ńlá. Òótọ́ ló wí: mo kọ ọ́ síbẹ̀, mo gbàgbé láti kọ ọ́ sínú páàsìbúùkù. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó ń fi okùn yẹn ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹ má fi pẹ́ńsù kọ iye owó láé. Ẹgbẹ́ tí mo kọ́kọ́ wà nínú rẹ̀, kí n tó dé èyí, pẹ́ńsù ni akápò fi ń kọ ọ́. Ẹ fọkàn ṣe ìyókù.

Bí owó bá ti kọjá iye tí ẹ lè fi sílé, ẹ ṣí àpò owó ní báǹkì lórúkọ ẹgbẹ́, kí ẹni mẹ́ta ní àṣẹ láti fọwọ́ sí i, kí owó má sì ṣeé gbà láìsí ọwọ́ ẹni méjì. Kí àpò owó ẹgbẹ́ má ṣe wà lórúkọ alága, ì báà jẹ́ ọ̀sẹ̀ kan péré.

Ìgbésẹ̀ kẹta: òfin ẹgbẹ́ àti ìwé ìjọba

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ jókòó kọ òfin yín. Ilé iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó tó ń bójú tó òwò àti kọ́pùréètì, ní Aláùsá, Ìkẹjà, ló ń forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì ní òfin àwòṣe tí ẹ lè mú bẹ̀rẹ̀. Ẹ lọ bá òṣìṣẹ́ kọ́pùréètì tó ń rí sí agbègbè yín kí ẹ tó kọ ohunkóhun. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti wá jókòó sí ìpàdé yín, kó sì la ọ̀nà rẹ̀ yé yín. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ìṣirò ẹgbẹ́ dáadáa, Kọ́lẹ́ẹ̀jì Kọ́pùréètì Ìpínlẹ̀ Èkó wà ní Oko-Ọba, Agége.

Àmọ́ ẹ má kàn da òfin àwòṣe kọ bó ṣe wà. Ẹ kà á sókè lédè Yorùbá, gbólóhùn kan lẹ́yìn òmíràn, kí gbogbo yín gbọ́ ọ. Tiwa gba Ọjọ́ Àìkú mẹ́rin. Ohun tó fa àríyànjiyàn jù ni ìbò: ẹnì kan, ìbò kan, bó o ní ₦10,000 nínú ẹgbẹ́ tàbí ₦500,000. Bàbá kan tó ní éékà mẹ́wàá bínú jáde. Ó padà lọ́sẹ̀ kejì. Òfin kọ́pùréètì ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ṣe ní 1993 tún fi ọ̀pá sí ẹnu ọ̀nà olówó: ẹnì kan kò gbọdọ̀ ní ju ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo ṣíà (ìpín owó) ẹgbẹ́ lọ.

Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ kí ẹ rí i dájú pé ó wà nínú òfin yín, kí ó sì ní nọ́ńbà àti ọjọ́: iye ọdún tí olóyè kan lè lò kó tó kúrò (tiwa jẹ́ ọdún mẹ́ta, léèmejì péré), ohun tí a máa ṣe fún ẹni tó bá jẹ gbèsè kọjá àsìkò, àti bí ẹni tó fẹ́ kúrò ṣe máa gba owó rẹ̀. Èyí ìkẹyìn yìí ni àwọn èèyàn máa ń fojú fò. Tiwa ni pé kó kọ ìwé sí wa ní oṣù mẹ́ta ṣáájú. Ẹni tó bá mọ̀ pé òun lè jáde láìjà kì í tètè jáde.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: yíyá owó, kí ó bá ojú ọjọ́ mu

Báǹkì àti àwọn tó ń yáni lówó lórí fòònù máa ń fẹ́ kí ẹ san owó padà lóṣooṣù, bí ẹni pé oko ń gba owó oṣù. Àgbẹ̀ kì í rí owó lóṣooṣù. Ní agbègbè wa, òjò àkọ́kọ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ láti oṣù Kẹta, a ń gbin ẹ̀gẹ́ ní oṣù Kẹrin sí Karùn-ún, ebi owó sì máa ń pa wá láti oṣù Kẹjọ sí Kẹwàá: owó ilé ìwé, ríro ẹlẹ́ẹ̀kejì, kò sí ohun tí a ń tà. Lọ́dún tí Iléyá bá tún bọ́ sí ìgbà òjò, kí Káyó-káyó sì tẹ̀ lé e, ẹ múra sílẹ̀. Èèyàn á fẹ́ yá owó àgbò. Ẹgbẹ́ wa kì í yá ẹnikẹ́ni lówó àríyá. Owó tó tọ́jú fúnra rẹ̀ ló lè gbà fún ìyẹn.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Ọmọ ẹgbẹ́ lè yá ìlọ́po méjì owó tó ti tọ́jú. Ó gbọ́dọ̀ mú onígbọ̀wọ́ méjì wá nínú ẹgbẹ́, tí àwọn náà kò jẹ gbèsè, tí kì í ṣe ìyàwó tàbí ọkọ rẹ̀. Èlé jẹ́ náírà kan lórí ọgọ́rùn-ún lóṣù, lórí iye gbèsè tó kù. Ẹ fara balẹ̀ sí gbólóhùn "iye tó kù" yẹn. Bí mo bá yá ₦150,000, tí mò ń san ₦15,000 padà lóṣù fún oṣù mẹ́wàá, tí a ń ṣírò èlé lórí iye tó kù, gbogbo èlé tí màá san kò ju ₦8,250 lọ. Bí wọ́n bá ṣírò ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún náà lórí ₦150,000 lóṣooṣù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ₦15,000 ni màá san. Ìyàtọ̀ rẹ̀, ₦6,750, ń lọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí i, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ẹni tó ń pe ara wọn ní olùrànlọ́wọ́ àgbẹ̀ ti ń jẹun.

Àmọ́ fún ẹni tó fẹ́ fi owó náà gbin ẹ̀gẹ́, a kì í ní kó san oṣù mẹ́wàá. Èlé nìkan ni yóò máa san lóṣooṣù títí ẹ̀gẹ́ á fi gbó, yóò wá san owó gan-an lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́yìn tó bá tà. Èlé rẹ̀ á pọ̀ díẹ̀ sí i, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò ní hú ẹ̀gẹ́ oṣù mẹ́fà nítorí gbèsè.

Kí ìgbìmọ̀ tó ń yáni lówó lọ wo oko kó tó fọwọ́ sí i. Ẹni mẹ́ta ló ń lọ. Kí akápò má bá wọn lọ, nítorí pé ọwọ́ tó ń kó owó kò yẹ kó jẹ́ ẹsẹ̀ tó ń yẹ oko wò.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ká jọ tà á

Lẹ́yìn tí a lo ọdún méjì nídìí owó títọ́jú àti yíyá, a fi owó tó kù lápò ra ẹ̀rọ ìlọ̀ kan àti jáàkì ìfún méjì, a kọ́ àtíbàbà sẹ́bàá odò kékeré. Láti ìgbà náà, ẹ̀gẹ́ tí a bá hú kò ní láti kúrò lábúlé ní tútù. Ẹ wò ó: ọgọ́rùn-ún kìlógíráàmù ẹ̀gẹ́ tútù kì í fúnni ní ju bí 20 sí 25 kìlógíráàmù gààrí lọ. Ìyẹn ni pé, ẹni tó bá ń san owó ọkọ̀ fún ẹ̀gẹ́ tútù, omi àti èèpo ló ń gbé lọ sí Èkó. Gààrí fúyẹ́, ó sì lè dúró. Ọjà tó lè dúró ni olówó rẹ̀ ń na.

Bẹ́ẹ̀ náà ni owó ọkọ̀. Tẹ́lẹ̀, kálukú ń gbé báàgì mẹ́ta, mẹ́rin, lọ sí Ẹ̀pẹ́ tàbí Ìkòròdú, onímọ́tò ń gba owó lórí báàgì kọ̀ọ̀kan, alábàárù ń gba tirẹ̀. Báyìí, a ń dúró títí yóò fi tó ọgọ́ta báàgì, a gba ọkọ̀ kan, ó gba Itoikin bọ́ sí Ìkòròdú, ó ń lọ tààrà. Ẹni méjì ló ń bá a lọ, wọn kì í ṣe ẹni méjì kan náà léraléra. Wọ́n ń pa dà pẹ̀lú ìwé, kì í ṣe pẹ̀lú ìtàn.

Òṣùwọ̀n ni kí ẹ rà ṣáájú ohunkóhun, kẹ́ ẹ tó ra ẹ̀rọ pàápàá. Kóńgò a máa da èèyàn: ọwọ́ ẹnì kan ń rọ̀ ọ́ bí òkè, ẹlòmíràn ń gé e. Tiwa jẹ́ òṣùwọ̀n tí a ń gbé kọ́ sára igi àtíbàbà, àwo rẹ̀ kọjú sí gbogbo èèyàn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìwọ̀n, a kọ́kọ́ ń gbé òkúta kan kọ́ ọ, òkúta tí a mọ iye rẹ̀, kí gbogbo wa lè rí i pé kò yẹ̀. Lẹ́yìn náà ni báàgì àkọ́kọ́.

Mo ní láti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa lọ́dún kejì títà. Ẹnì kan nínú wa kò yan gààrí tirẹ̀ gbẹ, ó jọ pé ó fẹ́ kó wúwo. A kò yẹ̀ ẹ́ wò, torí pé ẹ̀gbọ́n wa ni, ojú ń tì wá. A pò ó mọ́ ti gbogbo wa. Nígbà tí ọjà dé ọ̀dọ̀ oníbàárà, ó ki ọwọ́ bọ báàgì kan, gààrí náà dì mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó ní òun kò gbà á, gbogbo ogójì báàgì. Lẹ́yìn ẹ̀bẹ̀, ó gbà á, ṣùgbọ́n ó dín owó gbogbo rẹ̀ kù. Gbogbo wa la jọ san gbèsè ìtìjú yẹn.

Nísinsìnyí, gbogbo báàgì ló ní nọ́ńbà olówó rẹ̀, a fi búlúù kọ ọ́ sára àpò. Ìyá méjì tí a yàn, tí wọ́n mọ gààrí ju gbogbo wa lọ, ń ki ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ báàgì kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á bù ú, wọ́n á dì í mú, wọ́n á ṣí ọwọ́. Bó bá tú ká, ó kọjá. Bó bá dúró bí òkèlè, olówó rẹ̀ á padà lọ yan án. Kò sí ẹ̀gbọ́n, kò sí àbúrò níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọjọ́sí náà ṣì wà pẹ̀lú wa, gààrí rẹ̀ sì wà lára èyí tó gbẹ jù báyìí.

Ìṣòro kan kù tí mi ò tíì rí ojútùú rẹ̀ tán: ẹni tí owó ń jó lọ́wọ́ kì í lè dúró kí báàgì pé ọgọ́ta. Ohun tí a ń ṣe ni pé bó bá ti wọn gààrí rẹ̀ tán, ẹgbẹ́ á san bí ìdajì iye rẹ̀ fún un lọ́jọ́ náà, yóò gba ìyókù nígbà tí ọkọ̀ bá dé. Ó ń fẹ́ owó nílẹ̀, kò sì ṣeé ṣe fún ẹgbẹ́ tuntun. Ẹ má tíì gbìyànjú rẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́. Bẹ́ẹ̀, òun ló ń mú kí èèyàn má sá lọ tà fún alágbàtà lálẹ́.

Igi ẹ̀gẹ́, ajílẹ̀ àti oògùn koríko

Èyí kò le. Ẹ kó ohun tí kálukú fẹ́ rà jọ sínú ìwé kan ní oṣù Kejì, ẹ gba owó rẹ̀ ṣáájú, ẹ rà á lápapọ̀, ẹ pín in lójú gbogbo èèyàn. Ẹ má ta á ní àwìn. Ní ti igi ẹ̀gẹ́, hẹ́kítà kan ń gba bí ọgọ́ta ìtì, igi àádọ́ta nínú ìtì kọ̀ọ̀kan. Bí ẹnì kan bá ti ra igi TME 419 (irú ẹ̀gẹ́ kan) tó dára, tàbí irú mìíràn, kó dá iye ìtì tó gbà padà fún ẹgbẹ́ nígbà tó bá hú u, kí ẹlòmíràn gbìn ín. A ò tíì ra igi láti ìta fún ọdún mẹ́rin.

Nígbà tí ọdún bá parí

Kí ẹni tí kì í ṣe olóyè yẹ ìwé wò, kí òṣìṣẹ́ kọ́pùréètì ìjọba náà rí i. Lẹ́yìn náà ni ìpàdé gbogbogbòò, níbi tí a ti ń pín èrè. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ₦400,000 ló ṣẹ́ kù lẹ́yìn gbogbo ìnáwó. Òfin ní kí ìdá kan nínú mẹ́rin lọ sínú àpò ìpamọ́ ẹgbẹ́: ₦100,000 nìyẹn, a kì í fọwọ́ kàn án. Ó ku ₦300,000. Àwa ń fi ₦30,000 ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àti ìwé kíkọ, ₦120,000 lọ sórí owó tí kálukú ní nínú ẹgbẹ́, ₦150,000 ni a wá ń pín gẹ́gẹ́ bí iye báàgì tí kálukú mú wá. Bí ẹgbẹ́ bá ta 600 báàgì lọ́dún, tí ìyá kan mú 30 wá nínú rẹ̀, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ni, yóò gba ₦7,500. Ẹni tó mú 60 wá á gba ₦15,000. Ẹni tó lówó púpọ̀ nínú ẹgbẹ́ ṣùgbọ́n tó ń ta gààrí rẹ̀ níta kò ní gba kọ́bọ̀ nínú èyí. A máa ń ka orúkọ àti iye báàgì sókè. Ẹ̀rín máa ń pọ̀ níbẹ̀, ìpalára díẹ̀ náà sì ń wà nínú ẹ̀rín ọ̀hún.

Orúkọ ẹni tó máa gba owó bí ọmọ ẹgbẹ́ bá kú

Ẹ jẹ́ kí kálukú kọ orúkọ yìí lọ́jọ́ tó bá wọlé, kó fọwọ́ sí i níwájú ẹlẹ́rìí méjì, kí ẹ sì máa bi í lọ́dọọdún bóyá ó fẹ́ yí i padà. Àwọn èèyàn kì í fẹ́ sọ ọ́. Wọ́n á ní ẹ ń fi ikú pè wọ́n. Ẹ ta kú.

Lọ́dún tó kọjá, nọ́ńbà kẹsàn-án nínú wa kú lójijì. Àwọn ẹbí dé láti ìlú mìíràn lọ́jọ́ kẹta, wọ́n fẹ́ mọ ohun tó ní. A fi ìwé hàn wọ́n: orúkọ ìyàwó rẹ̀ ló kọ, ìka rẹ̀ wà níbẹ̀, ọjọ́ wà níbẹ̀. Ẹjọ́ parí. A yọ gbèsè kékeré tó kù, a ka ìyókù sórí tábìlì lábẹ́ igi máńgòrò, akápò kà á sókè bíi ti ọjọ́ ìpàdé. Obìnrin náà dì í sínú ìborùn rẹ̀, ó wá bi mí bóyá òun lè máa lo nọ́ńbà ọkọ òun lọ. Mo ní, "Rárá o, Ìyá Ìbejì, kálukú ló ní tirẹ̀." Ó tú ìborùn náà, ó yọ owó ìwọlé jáde nínú rẹ̀, mo kọ ọ́ sílẹ̀: nọ́ńbà kọkàndínlógún.